Ẹni Tí Ìlú Rán Níṣẹ́

Bí ènìyàn bá dúró ní oríta Ọ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ìrì kò tíì gbẹ lórí ewé, tí àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ti fi gbogbo òru rìn ń wá ibi tí wọn yóò ti jẹun, yóò rí i gbangba pé ọ̀nà mẹ́rin ni ó pàdé ní ìlú náà: ọ̀kan ń bọ̀ láti Èkó àti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀kan kọjá lọ sí Bìní àti ilẹ̀ àwọn Ìgbò, ọ̀kan gòkè lọ sí Oǹdó àti Àkúrẹ́, ọ̀kan sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa títí dé etí omi àwọn Ìlàjẹ. Ọ̀rẹ̀ ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Òdígbó. Oríta tí kì í sùn ni, agbàlejò tọ̀sán-tòru, ìlú tí ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ rí pàápàá mọ orúkọ rẹ̀, nítorí pé láti oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé ibẹ̀ tí wọn kò sì lè kọjá, ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi ìjà Ọ̀rẹ̀ júwe ohun tí ó bá le koko. Síbẹ̀, ohun kan wà tí ó yẹ kí a ronú sí nípa oríta náà: àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ibi tí oore wọn wà, tí àwọn ọmọ onílé sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ń ta ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì fún wọn.

Ìrìn-àjò kò ṣàjèjì sí àwọn ọ̀dọ́ wa lóde òní. Ẹni tí kò tíì lọ ń múra àtilọ, ẹni tí kò sì múra ń gbàdúrà rẹ̀, jápa ni wọ́n sì ń pè é. N kò ní í bú ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rìn, nítorí àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín oríṣiríṣi ìrìn-àjò tí ó wà láyé, ọ̀kan wà tí iyì rẹ̀ pọ̀, tí àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n láàárín wa kò sì tó nǹkan: èyí ni pé kí ìlú méjì tí òkun pín níyà bá ara wọn dá májẹ̀mú ọ̀rẹ́, kí wọ́n di ìlú alájọṣe, kí ọ̀kan nínú wọn sì rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì, kí ó lọ fi oṣù mélòó kan kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, kí ó sì padà wálé pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó rí kó. Ẹni tí ó bá ti ara rẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí ó lè bi í pé kí ni o mú bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlú bá rán, ìlú yóò máa retí rẹ̀, ìlú ni yóò sì jábọ̀ fún. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí dúró lé.

Iṣẹ́ kíkọ́ lọ́dọ̀ àjèjì kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa

Kí òyìnbó tó dé ni a ti ń mú ọmọ lọ fún ọ̀gá. Alágbẹ̀dẹ gba ọmọ oníṣẹ́-ọnà, ahunṣọ gba ọmọ àgbẹ̀, ọmọ náà yóò máa gbé ilé ọ̀gá rẹ̀, yóò máa gbálẹ̀, yóò máa fínná, yóò sì máa fi ojú kó ohun tí ẹnu kò lè sọ, títí di ọjọ́ tí àwọn ẹbí yóò kó ara wọn jọ, tí ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, tí yóò sì gba òmìnira. Àwọn òbí kì í fi ọmọ fún ọ̀gá kí ọmọ náà lè di ẹrú ibẹ̀; wọ́n fi í fún un kí ó lè padà wá di olórí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀. Ohun tí òkun fi kún un kò ju pé ọ̀gá wà ní ọ̀nà jíjìn, èdè rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ ìjíhìnrere CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, bá oníṣòwò òwú kan ní ìlú Manchester tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Thomas Clegg ṣe àdéhùn pé kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ilẹ̀ wa wá kọ́ bí a ṣe ń ya kóró òwú kúrò lára òwú, bí a ṣe ń dì í, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ fún ọjà. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n lọ ni Henry Robbin. Nígbà tí ó dé, Abẹ́òkúta ni ó jókòó sí, tí òun àti Samuel Crowther kékeré, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù tí gbogbo wa mọ̀, jọ ń darí ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀, tí ẹ̀rọ ìyakóró òwú ń ṣiṣẹ́, tí òwú Ẹ̀gbá sì ń gba Èkó lọ sí Manchester. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé nígbà náà pé ìlú alájọṣe ni Abẹ́òkúta àti Manchester, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà láàárín wọn kò jìnnà sí i: ìlú kan ní òwú, ìlú kejì ní ẹ̀rọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì wà láàárín tí ó gbọ́ èdè àwọn méjèèjì.

Herbert Macaulay náà tọ ipa ọ̀nà kan náà. Ní ọdún 1890 ni ó fi Èkó sílẹ̀ lọ sí ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe inú kíláàsì nìkan ni ó jókòó sí, nítorí pé ó di ọmọ-iṣẹ́ lọ́dọ̀ G. D. Bellamy, ẹni tí í ṣe awọnlẹ̀ àti ẹnjiníà omi fún ìjọba ìlú Plymouth. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo èyí dáadáa: ọmọ Èkó kan wà nínú ọ́fíìsì ìlú òkèèrè, ó ń wo bí a ṣe ń wọn ilẹ̀, bí a ṣe ń fa omi wọ ìlú, bí a ṣe ń la ojú pópó. Nígbà tí ó padà dé, ó di awọnlẹ̀ ìjọba ní Èkó; ní ọdún 1898 ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ìmọ̀ ilẹ̀ tí ó ní kò parí sórí ìwọ̀n àti okùn, nítorí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá di ẹjọ́ láàárín Olóyè Àmọ́dù Tìjání, tí í ṣe Olúwa, àti ìjọba amúnisìn, Macaulay ni ó bá Olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba níbẹ̀ sì dá Olúwa láre ní ọdún 1921. Ọgbọ́n tí ọmọ ìlú kan lọ kọ́ nílẹ̀ àjèjì di apata fún ìlú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjà dé.

Bí ìlú ṣe ń bá ìlú ṣọ̀rẹ́

Àṣà pé kí ìlú sí ìlú máa dá májẹ̀mú ọ̀rẹ́ gbilẹ̀ láti inú ogun àgbáyé kejì. Bọ́ǹbù àwọn Jámánì ti sọ ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di àlàpà, ogun sì ti jẹ ìlú Stalingrad ní Rọ́ṣíà run, ni àwọn ará ìlú méjèèjì bá nawọ́ sí ara wọn, tí wọ́n sì di ìlú alájọṣe ní ọdún 1944, nígbà tí ogun kò tilẹ̀ tíì parí. Lẹ́yìn èyí, àwọn ìlú Faransé àti ti Jámánì, tí wọ́n ti pa ara wọn nípakúpa, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kí àwọn ọmọ wọn má baà tún gbé ìbọn sí ara wọn. Ní ọdún 1956, ààrẹ Amẹ́ríkà, Dwight Eisenhower, pe àwọn ará ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n máa bá àwọn ará ìlú mìíràn ní ayé dọ́rẹ̀ẹ́ láìdúró de àwọn olóṣèlú, láti ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ àwọn ìlú alájọṣe ti Amẹ́ríkà ti dìde. Ìdí tí a fi dá àṣà náà sílẹ̀ nìyí: àlàáfíà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, òwò àti ẹ̀kọ́ ni a kọ́ lé e.

Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1967, Ouagadougou ti Burkina Faso di alájọṣe pẹ̀lú Loudun, ìlú kékeré kan ní Faransé. Ní ọdún 1974, Èkó àti Atlanta so okùn ọ̀rẹ́ pọ̀. Ní ọdún 1981, ìlú Bo ní Sierra Leone àti agbègbè Warwick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ àjọṣe tí ó mú kí àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ìlera máa lọ, kí wọ́n sì máa bọ̀ láàárín wọn. Hull pẹ̀lú bá Freetown mulẹ̀, títí dé ibi pé pópó kan wà láàárín ìlú Hull tí ó ń jẹ́ orúkọ Freetown títí di òní. Lomé ti Tógò bá Duisburg ti Jámánì ṣe é ní ọdún 2010. Cape Coast ti Ghana bá Bonn ṣe é lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tí àwọn méjèèjì sì jọ gbájú mọ́ ni bí wọn yóò ṣe gba ọ̀sà Fosu, tí ó wà nínú ìlú Cape Coast, lọ́wọ́ ìdọ̀tí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Òṣogbo ní Asheville ní Amẹ́ríkà, Ìbàdàn sì ní Cleveland. Nínú gbogbo wọn, èyí tí ó bá so èso ni èyí tí kò dúró sórí fọ́tò àwọn olóyè àti àsè ìkíni káàbọ̀, tí ó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀.

Àwọn ará Jámánì ṣe ètò kan tí ó lè jẹ́ àwòkọ́ṣe fún wa. ASA ni wọ́n ń pè é, ó sì ti wà láti ọdún 1960. Apá kan nínú ètò náà wà fún àwọn ìlú alájọṣe: àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú méjèèjì yóò jọ ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ní ìlú ti Jámánì, wọn yóò sì jọ kọjá lọ sí ìlú kejì láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún àkókò kan náà. Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí í ṣe olùkọ́ títí, kò sì sí ẹni tí í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ títí. Ẹni tí ó jẹ́ àlejò lónìí ni yóò di onílé lọ́la. Ẹni tí ó ń tọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ́nà ní Duisburg, tí ó ń fi ọ̀nà ilé ìjẹun hàn án, òun náà ni wọn yóò fi ọ̀nà ọjà hàn ní Lomé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ akèrègbè: bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlú ọlọ́rọ̀ àti ìlú tí kò rí já jẹ rí, bí wọ́n bá lè fi òótọ́ bá ara wọn lò.

Linyi, Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ àti igbó Olúwa

Àwa ará Òdígbó kò ní láti wá ìlẹ̀kùn jìnnà, nítorí pé ìlẹ̀kùn kan ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Nígbà ìṣèjọba olóògbé Rótìmí Akérédolú, ẹni tí ó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní oṣù kejì ọdún 2017, tí ó sì kú sórí oyè ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, tí ìjọba rẹ̀ náà sì gbé afárá olókè sórí oríta Ọ̀rẹ̀, ni a dá ọgbà ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní Oǹdó-Linyi sílẹ̀ ní agbègbè Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, ní ojú ọ̀nà tí kò jìnnà sí Ọ̀rẹ̀. Ìlú ńlá kan ni Linyi ní ẹkùn Shandong ní ìlà-oòrùn Ṣáínà; àwọn ènìyàn tí ń gbé inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, òkìkí rẹ̀ sì kàn nítorí ọjà osunwọ̀n àti nítorí iṣẹ́ pákó. Ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ kan náà, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ni ó kọ́ ibùdó iná mànàmáná tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 335, èyí tí a ṣí ní ọdún 2007. Òwò ni ó mú wọn wá, òwò náà sì ní àǹfààní tirẹ̀; ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ ní òwò lásán, àwọn ni yóò máa jẹ́ ọ̀gá tí ó mọ̀ ọ́n, àwa ni yóò sì máa jẹ́ alábàárù tí ó ń gbé igi.

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ wa lè lọ kọ́ ní Linyi, n kò rí èyí tí ó kàn wá tó ọ̀rọ̀ igi. Àwọn ará Linyi kò ní igbó kìjikìji bí tiwa. Igi tí ó ń tètè dàgbà, tí àwọn àgbẹ̀ gbìn ní oko àti ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ni wọ́n ń gé. Wọn yóò fi ẹ̀rọ bó ìtì igi náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹni ń tú ẹní ká, wọn yóò sá a kí ó gbẹ, wọn yóò fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn, ọ̀kan ní gbọọrọ, ọ̀kan ní ìbú, wọn yóò sì fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ pọ̀ di pláíwúùdù tí ó ń lọ sí gbogbo ayé. Ìyókù kì í ṣòfò: igi wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n sì ń tẹ̀ di pákó mìíràn. Ẹ wá wo tiwa. Igbó ọba Olúwa wà ní agbègbè wa, ìrókò, ògànwó, arère àti afárá sì wà nínú rẹ̀ nígbà kan tí ojú kò lè rí orí wọn. A ti gé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba gbin gmelina sínú igbó Olúwa àti igbó Ọmọ̀ kí ilé-iṣẹ́ ìwé ti Ìwòpin lè máa rí igi lò, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò gbérí bí a ti rò. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ sọ́míìlì wa títí di òní, ẹni bá lọ síbẹ̀ yóò rí òkìtì lẹ́búlẹ́bú igi tí a ń dáná sun, èéfín rẹ̀ ń gòkè, owó ni ó sì ń jóná.

Nítorí náà, kì í ṣe bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ nìkan ni ó yẹ kí ọmọ Ọ̀rẹ̀ tí a bá rán lọ kọ́. Ó yẹ kí ó béèrè pé ta ni ó gbin igi wọ̀nyí, ọdún mélòó ni ó fi dàgbà, báwo ni àgbẹ̀ ṣe ń gba owó rẹ̀, kí ni ìjọba ìlú ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà gé èyí tí kò tíì gbó. Bí ó bá mú ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin yìí bọ̀ wálé, ó ti mú ohun tí ó níye lórí ju ẹ̀rọ lọ wá, nítorí pé ẹ̀rọ lè bàjẹ́ ní oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ètò tí ó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ yóò ju ọmọ-ọmọ wa lọ.

Ọ̀rọ̀ kò pin sórí igi. Bí ènìyàn bá ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sí àfikún kẹrin, yóò rí iṣẹ́ tí a yàn fún ìjọba ìbílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ibi tí a ti ń pa ẹran, ìtẹ́ òkú, ojú pópó àti gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí. Ìwọ̀nyí gan-an ni àwọn ìlú òkèèrè mọ̀ ọ́n ṣe láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, ìwọ̀nyí náà sì ni a kì í sábà kọ́ dáadáa ní yunifásítì. Ìlú tí ọkọ̀ àjò ń gbà kọjá tọ̀sán-tòru bí Ọ̀rẹ̀ nílò ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń to gáréèjì kí ọkọ̀ má baà dí ọ̀nà, bí a ṣe ń kó pàǹtí ọjà kí ó tó rà, àti bí a ṣe ń pa ẹran kí àrùn má baà tẹ̀lé e dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Oṣù mẹ́ta ní ẹ̀ka ìmọ́tótó ìlú kan ní òkè òkun lè kọ́ ọ̀dọ́ kan ní ohun tí àpérò ogún kò lè kọ́ ọ.

Bí a ṣe ń ṣe é

Nǹkan mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ wà kí irú ìrìn-àjò yìí tó lè tọ́. Àkọ́kọ́ ni ìwé àdéhùn láàárín ìlú méjèèjì. Ìjọba ìbílẹ̀ kò lágbára láti bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe àdéhùn ìjọba, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀; ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dí ìlú lọ́wọ́ láti bá ìlú ṣọ̀rẹ́, bí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè bá ti gbọ́ sí i. Èkejì ni ibi iṣẹ́ kan pàtó tí ó gbà láti jẹ́ ọ̀gá, tí ó kọ orúkọ ẹni tí yóò máa tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ náà sílẹ̀, tí ó sì sọ ohun tí yóò kọ́ ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí a ó rán. Ó kéré tán, ó yẹ kí ó ti mọ iṣẹ́ náà dé ìwọ̀n kan nílé, nítorí ẹni tí kò mọ ohun tí ilé rẹ̀ ṣe aláìní kò lè mọ ohun tí yóò mú bọ̀ láti òde.

Ní ti ẹ̀kẹta yìí, a ti ní ìpìlẹ̀. Àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES ní ọdún 1973, ìkọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní IT, tí ó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ gbogboniṣe ń fi oṣù mẹ́rin ṣe, ti yunifásítì sì ń fi oṣù mẹ́fà ṣe. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ Olúṣẹ́gun Àgàgù wà ní Òkìtìpupa nítòsí wa, FUTA wà ní Àkúrẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe Rufus Giwa sì wà ní Ọ̀wọ̀. Bí IT ọmọ mẹ́rin péré nínú ọdún bá lè jẹ́ oṣù mẹ́ta nílé àti oṣù mẹ́ta ní ìlú alájọṣe, ọ̀nà ti là nìyẹn. Kí a má sì gbàgbé àwọn tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga: káfíńtà tí ó ti gba òmìnira, ọmọbìnrin tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì láti ọdún mẹ́rin, òṣìṣẹ́ káńsù tí ó ń gba owó ọjà. Àwọn wọ̀nyí ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn ní ti gidi.

Ìwé ìrìnnà àti físà ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a là á mọ́lẹ̀. Físà ìbẹ̀wò kì í ṣe físà iṣẹ́, físà ẹ̀kọ́ náà sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tí ó bá fi físà ìgbafẹ́ wọ ilé-iṣẹ́ ti rú òfin, àní bí kò tilẹ̀ gba kọ́bọ̀. Amẹ́ríkà ní físà J-1 fún irú pàṣípààrọ̀ báyìí, apá kan nínú àwọn tí wọ́n gbà á sì gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì kí wọ́n tó lè béèrè àwọn físà kan níbẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ti rẹ̀, Jámánì ní ti rẹ̀, Ṣáínà ya ti iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀kọ́. Yàtọ̀ sí físà, ẹni tí a ń rán gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò fún ìlera, ibùgbé tí a mọ àdírẹ́sì rẹ̀, àti ìwé tí ó sọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú, ti oúnjẹ àti ti ilé. Ohun tí a kò kọ sínú ìwé kí a tó gbéra, ìjà ni yóò dà nígbà tí a bá débẹ̀.

Ó yẹ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un, mo sì fi tọkàntọkàn sọ ọ́, nítorí pé ojú ọ̀nà tí ó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá ti rí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí a tàn jẹ pé iṣẹ́ ń bẹ ní Ítálì tàbí ní Líbíà. Ìjọba dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní ọdún 2003 láti bá àwọn oníṣòwò ènìyàn wọ̀nyí jà. Àmì tí a fi ń mọ àjọṣe tòótọ́ kò ṣòro: ìlú ni ó ń pè é, kì í ṣe ẹnì kan tí ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sí ìbúra ní ojúbọ, kò sí gbèsè tí a ó fi ara san, ìwé ìrìnnà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, ọjọ́ ìpadàbọ̀ sì ti wà nínú ìwé kí a tó lọ. Bí ọ̀kan nínú àmì wọ̀nyí bá sọnù, kí àwọn òbí di ọmọ wọn mú, kí wọ́n má sì tijú.

Ẹni tí a bá rán lọ yóò bá òtútù pàdé, yóò bá oúnjẹ tí kò ní ata pàdé, yóò sì bá àwọn tí aago jẹ́ ọba lórí wọn pàdé, tí agogo mẹ́jọ wọn kì í ṣe agogo mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Àwọn àgbà wa ní, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ní kí ó gbá ilé-iṣẹ́, kí ó gbá a mọ́; níbi tí ó ti ń gbá a ni yóò ti rí ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún ẹni tí ó jókòó sórí àga. Kí ó sì máa kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́ ní èdè Yorùbá, kí ó lè rọrùn fún un láti kọ́ àwọn ẹlòmíràn nílé, nítorí pé ìmọ̀ tí ó bá ṣòro láti sọ ní èdè ilé yóò ṣòro láti lò nílé.

Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ilé pẹ̀lú

Gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí lè já sí asán bí ilé kò bá múra. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò padà kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wo ẹ̀yìn, wọn kò rí àga tí wọn yóò jókòó lé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ilé náà gbọ́dọ̀ ní òrùlé. Kí ìlú tó rán ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí ó ti sọ ibi iṣẹ́ tí yóò padà sí, owó tí yóò máa gbà, àti àwọn mélòó kan tí yóò kọ́ ní ohun tí ó kọ́. Abẹ́òkúta ní ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún Robbin láti padà sí. Èkó ní ọ́fíìsì awọnlẹ̀ fún Macaulay. Bí Manchester àti Plymouth bá kọ́ wọn, tí ilé kò sì ní ibi tí wọn yóò ti lò ó, ta ni ì bá rántí wọn lónìí?

A ní láti fi ọwọ́ wa fúnni pẹ̀lú, kí a má kàn tẹ́ ọwọ́ gbà. Ọmọ Linyi tàbí ọmọ Bonn tí ó bá wá sí Òdígbó lè kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú kòkó láti orí igi títí dé orí ẹní ìsákòkó, bí àwọn obìnrin wa ṣe ń to ọjà tí kò ní ìwé ìṣirò tí kò sì ń ṣìṣe, bí a ṣe ń fi ẹ̀bẹ̀ parí ìjà láìdé kóòtù. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìlú tí ó bá gbà láìfúnni, kò pẹ́ tí yóò fi di alágbe lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń ké sí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn: sí alága àti àwọn kánsílọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Òdígbó, sí Kábíyèsí Ọ̀rúnjà ti Òdígbó àti gbogbo àwọn ọba àti baálẹ̀ agbègbè náà, sí ẹgbẹ́ àwọn onísọ́míìlì àti ti àwọn káfíńtà, sí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, àti sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n wà ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́. Kí wọ́n jókòó pọ̀ nínú ọdún yìí, kí wọ́n kọ ohun mẹ́ta tí ìlú nílò jù lọ sílẹ̀, kí wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti fi iṣẹ́ hàn, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà sí ìjọba ìlú Linyi pé yàtọ̀ sí pákó tí à ń jọ tà, a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa jọ ṣiṣẹ́. Lẹ́tà kan kò ná wa ní nǹkan púpọ̀. Bí wọ́n bá sì dáhùn, kí ilé ti wà ní mímúra, kí a lè sọ fún ọmọ tí a ń rán lọ pé: a mọ ohun tí a rán ọ, a mọ ọjọ́ tí ìwọ yóò dé, iṣẹ́ rẹ sì ti ń dúró dè ọ́.